Ìwé tí Mo Kà Sókè ní Tucker

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé, ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí bí Amẹ́ríkà ṣe rí, ẹ̀rín ni mo kàn ń rín. Ìdí rẹ̀ ni pé mo fi ẹnu mi ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin náà sì gbọ́ ọ, nítorí ohùn mi dé orí fóònù yín. Mo fẹ́ kọ bó ṣe rí gan-an sílẹ̀, kí ẹ má baà gbọ́ ìyókù lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi lọ. Morẹ́nikẹ́jì ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Atlanta, ti rí ọkọ. Ó ní ọmọ Tùnísíà ni, orílẹ̀-èdè kan ní àríwá Áfíríkà, létí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Líbíà. Mùsùlùmí ni ọmọkùnrin náà bíi tiwa, nítorí náà kò sí ìjà ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n a kì í fọ́mọ fún ẹni tí a ò wádìí. Ká ní Òkukù tàbí Ìkìrun ló ti wá ni, láàárín ọjọ́ méjì a ó ti mọ̀ bóyá wàràpá wà ní ìdílé wọn, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n ń na ìyàwó. Ta la fẹ́ bi léèrè ní Ìrágbìjí nípa ará Tùnísíà? Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Lánre, tí í ṣe olórí ẹbí, ló ní kí n lọ fúnra mi. Ó ní ṣebí èmi ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ka ènìyàn fún ìjọba, kí n lọ ka ẹnì kan yìí wò fún àwọn.

Òótọ́ ló sọ. Ẹnu iṣẹ́ ìkànìyàn ni mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ti kan ilẹ̀kùn káàkiri ìpínlẹ̀ yìí, mo sì mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ṣe tí wọ́n bá rí ẹni tó gbé ìwé lọ́wọ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́jọ á ní òun ò lè ka ọmọ òun fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò sì bímọ rárá á yá ọmọ aládùúgbò kó lè pọ̀ lójú ìjọba. Nítorí náà mo gbà pé irọ́ kan ò lè gba ojú mi kọjá. Ìgbéraga yìí ni mo dì mọ́ ẹrù tí mo fi wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ẹni tí mi ò mọ̀

Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ náà. Tí ìwádìí yìí bá lọ ní òdì, ọmọ mi á wọlé ọkọ tí ẹbí ò mọ̀, tàbí kí ó bínú kúrò lọ́dọ̀ wa pátápátá. Kò sí ọ̀nà kẹta. Nígbà tí obìnrin tó ń wo ìwé ìrìnnà ní pápákọ̀ Atlanta bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo di àpò mi mú bí ẹni tó kó ẹrù òfin, bẹ́ẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ ju èlùbọ́ àti ìwé kékeré tí mo kọ ìbéèrè ẹbí sí lọ. Mo ní mo wá wo ọmọ mi. Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní sà, ó sì ní kí n kí ọmọ náà fún òun. Mi ò retí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó wọ aṣọ ìjọba.

Kẹ́jì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní ọkọ àfẹ́sọ́nà òun ni yóò wá pàdé mi, yóò gbé ìwé tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ dání. Lọ́kàn mi, ẹni pupa ni mò ń wá, onírun jọ̀lọ̀, bíi ti àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tó ń ta aṣọ n'Íbàdàn láyé ìgbà tá a wà ní kékeré. Mo rí ọkùnrin dúdú kan tó gbé ìwé dání, mo rí orúkọ mi níbẹ̀, mo sì kọjá lára rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ mi ló ń dúró dè.

Ó tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Daddy?" Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba, ó sì gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Mabrouk lorúkọ rẹ̀. Ó dú ju èmi lọ.

Nínú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí a ṣe máa ń bi àwọn onílé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò wá nǹkan. Ó sọ fún mi nípa Gabès ìlú rẹ̀, ní gúúsù Tùnísíà, níbi tí igi dábínù ti hù dé etí òkun. Mo ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń kọ́? Ó ní Lárúbáwá wà, àwọn Amasígì tó ti ń gbé ibẹ̀ kí Lárúbáwá tó dé wà, àwọn Júù wà ní erékùṣù kan nítòsí àwọn, àwọn dúdú bíi tòun náà sì wà. Mo ní mélòó ni àwọn dúdú? Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìjọba ń ka gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè àwọ̀ tàbí ẹ̀yà, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè sọ pé àwọn ò pọ̀, tàbí pé àwọn ò sí rárá. Ó ní ní olú ìlú wọn, awakọ̀ takisí kan yin òun pé òun mọ Lárúbáwá sọ, ó wá ní orílẹ̀-èdè wo ni òun ti wá.

Etí irọ́ ni mo fi gbọ́ ọ. Ìwé tí a kà nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́ ò dárúkọ ènìyàn dúdú kankan ní Tùnísíà. Mi ò rántí pé àwa náà ti yọ ìbéèrè ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò nínú ìwé ìkànìyàn tiwa, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, àti pé èmi gan-an ni mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Lithonia

Ilé Kẹ́jì wà ní Lithonia, lẹ́bàá Atlanta, ní àdúgbò kan tí ilé wọn jọra débi pé mo ní láti máa fi ìkòkò òdòdó dá tiwa mọ̀. Àwa dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Igi pọ̀, koríko mọ́, àmọ́ ẹ ò ní rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Láàárọ̀, ọkọ̀ á máa jáde nínú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan sí ojú títì ńlá tí wọ́n ń pè ní I-20, gbogbo àdúgbò á sì pa rọ́rọ́. Nínú fìríìsà ni Kẹ́jì ń kó ọbẹ̀ sí, ó kọ ọjọ́ sí ara ike kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan á gbé ọbẹ̀ Ọjọ́rú kaná, màá máa jẹ ẹ́, màá máa ronú nípa ọkùnrin yìí.

Lọ́jọ́ kẹta, ara ò gbà mí mọ́. Ìwà rẹ̀ dára, ó ń kí mi bí ọmọ tí a kọ́, ìyẹn gan-an ló tún wá ń bà mí lẹ́rù. Mo gbé fóònù, mo sọ̀rọ̀ sí i ránṣẹ́ sí Bàbá Lánre. Ẹ mọ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí kì í ṣe ará Tùnísíà. Ó ń fi ilé pamọ́ ni. Ẹni tó bá sì fi ilé pamọ́, nǹkan burúkú ló wà nílé ọ̀hún."

Àgbà tí wọ́n rán níṣẹ́ ìwádìí kì í sọ̀rọ̀ kó tó darí dé. Mo mọ òfin yìí, mo sì rú u. Bàbá Lánre, ẹni tí fóònù ò fi bẹ́ẹ̀ yé, fẹ́ gbé e fún ìyàwó rẹ̀ kó gbọ́, ó wá tẹ̀ ẹ́ sórí wáṣáàpù ẹbí, níbi tí gbogbo yín wà. Kẹ́jì náà wà níbẹ̀.

Nígbà tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́, kò jókòó. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Daddy, mo gbọ́ voice note yín nígbà tí mo wà lórí break," ló wí. "Gbogbo family ti gbọ́ ọ. Ẹ ò tiẹ̀ kọ́kọ́ bi mí."

Mo fa àga kan fún un. Ó ní, "Mo máa off ní Saturday. A máa lọ sí Tucker, lọ́dọ̀ mummy Mabrouk. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n lójú ara wọn." Ó wọ yàrá lọ. Kò sunkún, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí.

Oúnjẹ Ìyá Mabrouk

Ìyá Mabrouk ti wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Tucker, tí kò jìnnà sí Lithonia, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Obìnrin kúkúrú ni, ó wé gèlè sẹ́yìn ọrùn bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń wé e lóko. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ọwọ́ mi mú, ó sì mú un títí ó fi kí mi tán. Mabrouk ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó bèèrè ara mi, ó bèèrè ìrìn-àjò, ó bèèrè gbogbo ẹ̀yin ará ilé, kò tiẹ̀ mọ̀ yín rí. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà yẹn ni ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ kí mi tó bí ó ṣe yẹ.

Kuskús ni wọ́n gbé wá, ó dà bíi gàrí tí a fi ooru sè títí tó fi rọ̀, ẹja ńlá wà lórí rẹ̀. Abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń jẹ, kálukú ní iwájú tirẹ̀. Ata gígún kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi òróró ólífì pò. Mo bù ú bí ẹni tó mọ ata. Omi jáde lójú mi, jáde nímú mi, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé tíì wá nínú ife kékeré, èso álímọ́ńdì tó dà bí ẹ̀pà léfòó lórí rẹ̀. Ọkàn mi rọ̀. Ká ní mo dìde lọ sílé nígbà yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹbí ń retí ìròyìn, mo sì ti sọ̀rọ̀ tí mo ní láti gbè lẹ́sẹ̀ tàbí kí n kó jẹ. Mo ní kí Mabrouk bá mi sọ fún ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé òṣìṣẹ́ ìkànìyàn ni mí, ìwé ni mo gbà gbọ́. Ṣé ìwé kan wà tó fi ìlú tí baba Mabrouk ti wá hàn? Kẹ́jì wo ilẹ̀. Ìyá náà dìde, kò bínú, ó mú ìwé ìbí ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá. Èdè Lárúbáwá ni gbogbo rẹ̀. Mabrouk na ìka sí ibi tí wọ́n kọ Gabès sí, ó sì fẹ́ ká a padà.

Wọn ò mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó nílé-kéú ní Ìrágbìjí. Ẹ̀yin tá a jọ lọ mọ̀ pé a kì í ka nǹkan sínú níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á sínú, pàṣán Ààfáà á jẹ́ kó kà á síta. Bí a bá sì kà á tán, a ó túmọ̀ rẹ̀. Mo gba ìwé náà, mo wọ awò ojú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Mo ka orúkọ baba, mo ka orúkọ baba baba. Ojú ìyá náà là, ó pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn pé àlejò mọ ìwé. Orí mi wú. Mo ń bá a lọ. Lẹ́yìn orúkọ náà, ọ̀rọ̀ kan wà, orúkọ ìdílé mìíràn sì tẹ̀ lé e. Mo ka ọ̀rọ̀ náà ketekete, mo yíjú sí Kẹ́jì, mo sì túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ààfáà ṣe kọ́ wa: "Ẹni tí ìdílé lágbájá dá sílẹ̀ lóko ẹrú."

Ẹnu mi ti parí kí orí mi tó gbọ́. Mi ò mọ ohun tí ojú mi ṣe. Kẹ́jì ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé mo gbé ife tíì kalẹ̀ bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú rẹ̀.

Ìyá náà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Mabrouk sì ń túmọ̀ rẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ nínú wa nílé. Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa ni wọ́n ti fòpin sí òwò ẹrú, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ni baba ńlá wa ò kúrò lára tiwa. Torí rẹ̀ ni wọn ò ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìyàwó tó fẹ́. Ìyá mi ní àwọn rò pé níbí, kò sí ẹni tó lè kà á."

Ìyá náà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé àwo tíì nílẹ̀. Ife mi ò tíì dé ìdajì.

Ọjọ́ mẹ́rin

Lọ́jọ́ Ajé, Mabrouk wá sí Lithonia, kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní ìyá òun ti rí ojú mi, ìyẹn ti tó o. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ọmọ òun títí ayé, ó ní kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Òun kò sì lè fẹ́yàwó láìgba ẹnu ìyá òun. Kẹ́jì ní òun náà ò ní já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú aláìsàn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹbí rán mi lọ wò bóyá ọkọ yẹ ọmọ wa, mo wá ṣe ohun tí wọ́n fi kọ̀ wá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí n wọkọ̀ bọ̀.

Mo pe Bàbá Lánre. Mo ní irọ́ ni mo pa, ará Tùnísíà ni ọmọ náà, ọmọ bíbí ibẹ̀. Ó ní kí ló wá kù? Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un. Ó ní, "Ìyẹn, fi í pamọ́." Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pe ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ ní òpùrọ́ lójú gbogbo ẹbí, ṣé èmi náà kí n wá máa fi nǹkan pamọ́? Ó wá ní èmi ni mo bí Kẹ́jì, kí n lọ tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe kí n tó kúrò lọ́hùn-ún. Kí ẹ má baà bá mi wí, mo ti gba àyè lọ́wọ́ Mabrouk kí n tó kọ eléyìí.

Mo máa ń jáde lọ rìn láàárọ̀, bàbá arúgbó kan tó ń gé òdòdó ní ilé kejì sí tiwa a sì máa juwọ́ sí mi. Dúdú ni, ọmọ ibẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a dúró sọ̀rọ̀. Ó bi mí ní iṣẹ́ tí mo ṣe, mo ní mo ń ka ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ka àwọn baba ńlá òun náà ní Georgia yìí láyé ẹrú, ṣùgbọ́n iye wọn, ọjọ́ orí wọn àti orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ, wọn ò kọ orúkọ tiwọn. Ó ní òun ti wá orúkọ wọn títí, òun ò rí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò, ó sì ń gé òdòdó rẹ̀ lọ. Ojú tì mí níbi tí mo dúró sí. Gbogbo ìwé tí mo ti kọ ènìyàn sí láyé mi, mi ò bi ara mi léèrè rí pé kí ni ẹni tí a kọ ń rò.

Lórí ẹní Ìyá Mabrouk

Lọ́jọ́ kan ṣáájú ìrìn-àjò mi, mo ní kí Kẹ́jì gbé mi lọ sí Tucker. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún bi wọ́n ní nǹkan kan." Mo ní mi ò ní bi wọ́n.

Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, nítorí kì í ṣe ẹni tí í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ó ní ká jókòó. Kò gbé tíì wá. Mabrouk dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo ti kó ọ̀rọ̀ Lárúbáwá jọ nínú ọkọ̀, èyí tí mo rántí láti ilé-kéú, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ dáadáa. Bí mo ti wojú obìnrin náà, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

Mo ká agbádá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò rọra tẹ̀ ẹ́ bí arúgbó, mo nà gbalaja, àyà mi kan ẹní wọn. Kẹ́jì ké, ó ní, "Daddy, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò dìde. Ìyá náà sáré dìde, ó rò pé àìsàn ló gbé mi ṣubú. Kẹ́jì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún Mabrouk. Ó ní nílé wa, ará ilé ọkọ ló máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ará ilé ìyàwó. Ó ní baba ìyàwó kì í ṣe é fún ẹnikẹ́ni, òun ò rí i rí. Mabrouk túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ obìnrin náà nìkan ni mo ń rí, pẹ̀lú bàtà ilé tó wọ̀. Ẹsẹ̀ náà ò yẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ kan sí ọmọ rẹ̀, kíkankíkan, ní Lárúbáwá ilé wọn tí ilé-kéú ò kọ́ mi. Mo rò pé ó ní kó lé mi jáde ni.

Mo wá gbọ́ ìró ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mabrouk ti nà sílẹ̀, kò mọ bí a ti í ṣe é, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ojú wa pàdé nílẹ̀. Mo rọra bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó ní, "Wọ́n ní ṣé ojú ò tì mí ni, tí baba wà nílẹ̀ tí èmi dúró."